Ìyá Béárì Kọ̀yìn sí Kámẹ́rà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi já wẹ́rẹ́, ó bọ́ sódò Ìyá Béárì, ẹranko ńlá onírun tó máa ń fi ẹnu hán ẹja níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta.

Bó ṣe hán ọ̀kan báyìí, Ọ̀bọ dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ní, “Ìyá, ẹ rẹ́rìn-ín, kí n ya fọ́tò yín.” Béárì rẹ́rìn-ín, ẹja bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀bọ ní, “Ẹ wo ibí!” Béárì wò ó, ẹja fò kọjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ febi sùn.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀bọ pariwo: “Ẹ yíjú sí mi, àbí kí n sọ fún gbogbo igbó pé ọ̀lẹ ni yín!”

Béárì kọ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀bọ, lọ sọ fún igbó,
Ẹja ni mo wá pa!
Lọ sọ fún ọ̀dàn pẹ̀lú,
Ẹja ni mo wá pa!
Ọmọ mi kì í jẹ fọ́tò,
Ẹja ni mo wá pa!

Ó ki orí bọ omi, ó gbé ẹja tó gùn tó Ọ̀bọ jáde, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò wò ó. Àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ, wọ́n yó.

Bí mo bá parọ́, ẹ má gbe orin mi mọ́.