Ilé Ọ̀ṣọ́ Alágẹmọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé oorun ti ń kùn yín ni, àbí iyán alẹ́ ló wọ̀ yín lára? Mo ní Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi ró gbì, ó ró gbà, kò balẹ̀ sórí igi, kò balẹ̀ sórí àpáta, ara ògiri ló lọ lẹ̀ mọ́. Ó lẹ̀ mọ́ Alágẹmọ, ó lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún wọn. Jọkẹ́, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi, kí o sì gbe orin dáadáa, torí ohùn rẹ là ń gbọ́ bí wọ́n bá ń pín ẹran.

Láyé ijọ́un, Alágẹmọ tí ẹ ń rí lónìí kọ́ ni Alágẹmọ ìgbà náà. Àwọ̀ kan ṣoṣo ló ní, àwọ̀ eérú. Ó máa ń sáré bí aláǹgbá. Ojú rẹ̀ méjèèjì, iwájú nìkan ni wọ́n ń wò. Ilé rẹ̀ náà, àwọ̀ eérú ni. Bàbá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n kó tó kú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú, ògiri ńlá kan wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá ìyá wà lẹ́yìn ògiri yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló sì kù. Alágẹmọ àti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ń sùn ní yàrá ẹ̀gbẹ́.

Àṣà kan wà nílùú wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, tí wọ́n ti kórè tán, kálukú á tún ilé rẹ̀ rẹ́. Wọn kì í ní kí ẹlòmíì bá wọn ṣe é. Baálé, ìyàwó, ọmọ, gbogbo wọn á po ẹrẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ògiri títí á fi dán. Ẹ̀yìn ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀, lára ògiri yàrá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, torí ẹ̀yìn ni òjò ìlú yẹn ti ń wá. Bí ẹ̀yìn bá gbẹ tán ni wọ́n tó ń bọ́ síwájú láti fi ọ̀ṣọ́ sí i.

Alágẹmọ fẹ́ràn ọ̀ṣọ́ ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń bọ̀ láti oko, ó gbọ́ tí àwọn ọmọ Ọ̀bọ ń júwe ọ̀nà fún àlejò: "Bí ẹ bá ti kọjá ilé tó dà bí ààtàn yẹn, kí ẹ yà sápá ọ̀tún." Ilé rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ó wọlé, ó ní: "A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ààtàn ni àwọn wọ̀nyí fi ń júwe tèmi! N ó ṣe ilé yìí lọ́ṣọ̀ọ́ débi pé bí Erin bá ń kọjá lọ, á dúró."

Àṣàbí ní: "Ọkọ mi, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ wa ilẹ̀pa létí odò, ká bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn? Ta ló ń gba ẹ̀yìn wọlé? Iwájú layé ń wò."

Àṣàbí padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: Agbe ló laró, Àlùkò ló losùn, Lékeléke ló lẹfun. Alágẹmọ gbé igbá, ó sáré tete lọ sọ́dọ̀ Agbe. Ó bá a níbi tó ti ń ro ìkòkò aró. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Agbe, mo wá tọrọ aró, mo fẹ́ fi kun ilé bàbá mi." Agbe wò ó títí, ó dá orin. Ẹ gbè é o!

Alágẹmọ, ṣé o ti rẹ́lé?
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.
Ṣé o ti rẹ́ yàrá ìyá?
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.
Aró mi ò ní lọ síwájú,
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.
Kí ẹ̀yìn ó wà níhòòhò,
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.

Alágẹmọ kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní: "Mo ti rẹ́ ẹ, ó ti gbẹ, ìyá mi ti ń sùn síbẹ̀."

Agbe bu aró kún igbá rẹ̀. Ó ní: "Gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: àwọ̀ tí a bá fi irọ́ tọrọ kì í gbé ara ògiri. Ara ẹni tó parọ́ ló ń gbé."

Alágẹmọ rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó di ọ̀dọ̀ Àlùkò. Àlùkò ń lọ osùn lórí ọlọ, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Òun náà kọrin.

Alágẹmọ, ṣé o ti rẹ́lé?
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.
Osùn mi ò ní lọ síwájú,
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.
Kí ẹ̀yìn ó wà níhòòhò,
Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.

"Mo ti rẹ́ ẹ, ó ti gbẹ, ìyá mi ti ń sùn síbẹ̀." Àlùkò fún un lósùn. Ó dọ́dọ̀ Lékeléke, Lékeléke kọ orin kan náà, Alágẹmọ pa irọ́ kan náà, ó gba ẹfun. Irọ́ ti wá mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń kí "ẹ káàárọ̀."

Ó délé. Ó ku ilẹ̀pa. Etí odò jìn, ilẹ̀pa sì wúwo. Ó ronú, ó yí ilé po, ó rí ògiri ẹ̀yìnkùlé, ògiri yàrá ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi ara ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ó ti po ẹrẹ̀ rẹ̀ ní àpòtúnpò títí tó fi kúnná bí èlùbọ́. Bí ìyá bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, Alágẹmọ á yọ́ bọ́ sẹ́yìnkùlé, á máa fi èékánná ha ògiri náà: rẹ́kẹ́-rẹ́kẹ́-rẹ́kẹ́! Á ha á sínú igbá, á gbé e wá síwájú. Ẹ̀yìn ń tín-ín-rín, iwájú ń sanra.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Alágẹmọ mọ iṣẹ́. N kò ní torí pé òpùrọ́ ni kí n wí pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Ó fi ẹrẹ̀ mọ ẹyẹ, ó mọ ọ̀pẹ, ó mọ ejò tó lọ́ yí ẹnu ọ̀nà po, gbogbo wọn sì yọ síta lára ògiri bí ẹni pé inú ni wọ́n ti ń jáde bọ̀. Ó rún pákò, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ fa ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín. Ó fi ṣùkù àgbàdo tẹ àmì tótòtó. Ó to àpáàdì sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó to ìkarahun ìgbín yí fèrèsé ká. Ó wá gbé àwọ̀ lé e: aró dúdú minimini, osùn pupa fòò, ẹfun funfun báláú. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, oòrùn òwúrọ̀ bọ́ sórí ògiri náà, ògiri náà sì ń dán padà, ó ń wo oòrùn lójú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀pà bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹtu dé, Òkété dé, àwọn ọmọ Ọ̀bọ tó ń pè é ní ààtàn dé. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ẹnu wọn ya, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ bí ẹni wà níwájú ọba. Ẹyẹ kan tiẹ̀ fò wá, ó fẹ́ bà lórí ọ̀pẹ ara ògiri, ó fi àyà gbá ògiri, pọ́!

Erin wá. Erin tí kì í wo ilé ẹnikẹ́ni! Ó kọjá, ó dúró, ó rìn padà sẹ́yìn. Ó na ọwọ́jà rẹ̀, ó ku díẹ̀ kó kan ògiri náà, ó tún fà á sẹ́yìn. Ó ní, "Háà." Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àṣàbí fa ìyá lọ́wọ́ jáde. Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó fi ọwọ́ tọ ẹyẹ, ó fi ọwọ́ tọ ọ̀pẹ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Oríkì ló fi ń pe ọmọ rẹ̀. Ó ní: "Àjàní mi, bàbá rẹ ì bá rí èyí." Ó nu omijé. "Ṣùgbọ́n Àjàní, kí ló ń jẹ ògiri tèmi? Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, mo ń gbọ́ ọ: rẹ́kẹ́-rẹ́kẹ́-rẹ́kẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé níbi tí kò sí fèrèsé."

"Èkúté ni, Ìyá mi. N ó dẹ pàkúté fún un lọ́la."

Ẹ gbọ́ o! Èkúté fúnra rẹ̀ ló fẹ́ dẹ pàkúté. Síbẹ̀, ojú tì í. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun á lọ wa ilẹ̀pa, òun á dí i. Ìyá padà wọlé lọ sùn.

Òjò àkọ́rọ̀ kì í bi èèyàn pé ṣé o ti ṣetán. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, bí èrò ti kún iwájú ilé, ojú ọ̀run ṣú lẹ́yìn ilé, atẹ́gùn fẹ́ fìì, òjò dé wàrà. Wọ́n sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣì ń wo ọ̀ṣọ́. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́yìn: kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀... Gbìììì! Ògiri ẹ̀yìn wó. Òrùlé tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ mì.

Àṣàbí ké: "Ìyá wà nínú yàrá!"

Wọ́n sáré sí ẹ̀yìnkùlé, òrùlé ti bò ó. Wọ́n sáré sẹ́nu ọ̀nà yàrá, igi àjà ti dí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí wọ́n la ògiri ọ̀ṣọ́ tó wà láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá náà. Òkété ní: "Ògiri tó dára báyìí?" Alágẹmọ dúró, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín, ó wò ó. Ó wá fi orí àti ọwọ́ kọlù ú, gbà! Ó fọ́ ẹyẹ, ó fọ́ ọ̀pẹ, ó fa ejò ya. Àwọ̀ tí òjò ti rọ̀ ń ṣàn lé e lórí, aró, osùn, ẹfun, kò nu ojú. Ihò là. Ó fò wọlé, ó fẹ́ sáré bó ti máa ń sáré, ni ohùn kan bá kọrin lábẹ́ ẹrẹ̀, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ rọra gbè é o, ẹ̀yin ọmọ.

Àjàní, rọra tẹlẹ̀ o,
Rọra, rọra.
Orí ìyá lò ń gùn lọ,
Rọra, rọra.
Ìyá pọ̀n ọ́, kò jù ọ́ nù,
Rọra, rọra.
Má ṣe fẹsẹ̀ yára pa mí,
Rọra, rọra.

Alágẹmọ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Kò mọ ibi tí ìyá wà. Ó na ẹsẹ̀ náà, ó fi dán ilẹ̀ wò, ó fà á padà, ó tún nà án. Gbogbo ara rẹ̀ ń mì. Ó gbé ìkejì. Erin dá ẹ̀mí dúró níta. Bó ti ń rìn bẹ́ẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ tí bàbá rẹ̀ pò, títí ó fi kan aṣọ ìyá. Igi àjà kan tí bàbá rẹ̀ gbé síbẹ̀ láyé ọjọ́ sí ló dábùú, tí kò jẹ́ kí òrùlé tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá yè! Àṣàbí gbà á mọ́ra. Alágẹmọ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún, ó ní: "Ìyá mi, kì í ṣe èkúté. Èmi ni."

Ìyá ní: "Mo mọ̀, Àjàní. Èkúté kì í gbé igbá dání. Mo rò pé wàá jáwọ́ fúnra rẹ ni."

Alágẹmọ lọ wẹ̀ lódò. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn bó ara, àwọ̀ kò lọ. Ọ̀rọ̀ Agbe ṣẹ. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọ̀ ọ́ lára, wọ́n sì ń wá ògiri tí wọn yóò gbé títí dòní. Ibi tó bá dúró lé, ewé ni o, èèpo igi ni o, wọ́n á rò pé ògiri àwọn nìyẹn, wọ́n á jáde síbẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n tún ilé kọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá ló kọ́kọ́ tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ẹrẹ̀ tútù, Àṣàbí tẹ tirẹ̀, Alágẹmọ tẹ tirẹ̀. Agbe, Àlùkò àti Lékeléke fúnra wọn ló ru àwọ̀ wá, láìtọrọ. Ọ̀ṣọ́ tó wà lára ògiri yàrá ìyá nísinsìnyí, n kò lẹ́nu tí n ó fi sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo ilé Alágẹmọ, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé. Erin pàápàá ń gba ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí Alágẹmọ fi ń rìn bó ti ń rìn. Bí ẹ bá rí i lórí ẹ̀ka, tó na ẹsẹ̀, tó fà á padà, tó ń mì, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ó ṣì ń gbọ́ orin ìyá rẹ̀ ni. Kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ dáadáa: ọ̀kan ń wo iwájú, èkejì ń wo ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti fẹ̀yìn ti ògiri. Bí mo bá purọ́, kí ògiri tí mo fara tì yìí yẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ẹ tì í wò. Ṣé ó mì? Kò mì, ó dúró gbọn-in!

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé ọ̀ṣọ́ kò burú, kí ẹ ṣe ilé yín lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ha ara ògiri ẹni tó bí yín láti fi dára lójú ayé. Ẹ̀yìn la ti ń rẹ́lé.

Jọkẹ́, kí ló dé tí o ń sunkún? Dìde, lọ wò bóyá ẹ̀yìn yàrá ìyá rẹ ń jò.