Ìdí Tí Ológbò Fi Ń Dúró Sẹ́nu Ọ̀nà

Nígbà láéláé, kí ológbò tó di ológbò, ọmọ ẹkùn ni. Ìyá Ẹkùn bí ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ki pọ́pọ́, ìkejì rí tín-ín-rín, kò sì lè mu ọmú dáadáa. Ìyá Ẹkùn bá gbé ìkejì lọ bá ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Mọ́rẹ́nikẹ́, tí ilé rẹ̀ wà létí igbó, ó ní kó bá òun tọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ọmọ tó bá dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mọ́rẹ́nikẹ́ kẹ́ ẹ, ó gẹ̀ ẹ́. Ẹja ló fi ń bọ́ ọ, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń tẹ́ ẹ sí. Ṣùgbọ́n kò gba ìwàkiwà. Bí ọmọ bá ké, á ní kó rọra, etí ń dun òun. Bó bá fẹ́ já oúnjẹ gbà, á ní kó jókòó, kó dúró kí wọ́n bù ú fún un. Bó bá yàgbẹ́, àfi kó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Nígbà tí ọdún mẹ́ta fi pé, ọmọ náà rò pé bí gbogbo ẹkùn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Ẹkùn wá mú un. Inú ọmọ dùn, ó tẹ̀lé e wọ igbó. Gbogbo ẹbí ti pé jọ, nítorí àṣà wọn ni pé ọmọ tó bá ti ẹ̀yìn odi dé gbọ́dọ̀ bú ramúramù níwájú wọn, kí wọ́n tó kà á mọ́ ara wọn. Ẹkùn arúgbó kan ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ tí ẹkùn bá bí, ẹkùn ní í jọ. Ẹ má dá bàbá yẹn lóhùn, kò mọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ni.

Ọmọ bọ́ síwájú. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó fa èémí sínú, ó wá rántí pé àwọn àgbà wà níbẹ̀.

"Míáù," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ní bóyá ebi ló ń pa á. Wọ́n pa ẹtu kan, gbogbo wọn sì dà bò ó. Ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ jókòó sápá kan, ó ń retí ẹni tí yóò bu tirẹ̀ fún un. Nígbà tó fi máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń buni lóúnjẹ níbẹ̀, egungun ló kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé irú ẹkùn wo ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, ló bá sá padà sílé ìyá arúgbó.

Mọ́rẹ́nikẹ́ gbé e mọ́ra. Ó ní kó má dá wọn lóhùn, ọmọ ilé ni. Ọmọ náà gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Àfi bí eku kan ṣe gba abẹ́ ìkòkò kọjá. Kí ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fò, ó ti kì í mọ́lẹ̀, èékánná rẹ̀ ti yọ síta. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nìyẹn. Mọ́rẹ́nikẹ́ fà sẹ́yìn, ọmọ sì rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìyá Ẹkùn ti tọpasẹ̀ rẹ̀ dé, ó dúró síta.

"Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé," ó wí.

"Ọmọ mi, o ti délé," Mọ́rẹ́nikẹ́ dáhùn láti inú yàrá.

Ọmọ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó wo ìta, ọkàn rẹ̀ fà síbẹ̀. Ó wo inú, ọkàn rẹ̀ fà síbẹ̀ náà. Ó bá jókòó sáàárín.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ má ti ilẹ̀kùn."

Láti ọjọ́ náà ni ológbò ti ń ké bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, tó sì ń fi ọwọ́ ẹkùn pa eku. Á yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún òun. Ẹ ṣí i tán, kò ní jáde, kò sì ní padà. Ẹ má lé e. Ilé ló ń wò, níwájú àti lẹ́yìn.