Etí Etu

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ abẹ́ òṣùpá!
Àlọ̀ ọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àgùntàn lórí.

Etu ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Àkùkọ dé, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ o! Ṣé dáadáa ni?" Etu rẹ́rìn-ín: "A dúpẹ́." Àkùkọ bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀bọ náà dé, ó gbọ́ "a dúpẹ́," ó kọjú sí oúnjẹ.

Àgùntàn, tí òun náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, ló ṣìkẹta wọn. Òun náà gbọ́ "a dúpẹ́," ṣùgbọ́n ó rí i pé etí Etu wálẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Bí ọmọ bá sì ti wá ọmú, ìyá rẹ̀ á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ yé Àgùntàn: Kò sómi lọ́mú Etu, ojú ń tì í láti sọ, ebi sì fẹ́ pa ọmọ!

Àgùntàn ò bi í ní nǹkan kan. Ó gbé ọmọ náà, ó fún un lọ́mú, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

Ẹnu ń rẹ́rìn-ín, etí ń sunkún,
Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́!
Mo rí ọ, ọ̀rẹ́ mi, mo rí ọ,
Jẹ́jẹ́ o, jẹ́jẹ́!

Omijé bọ́ lójú Etu. Díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ gbéra sókè.

Àgùntàn yìí, ẹ bá mi kí i! Ó mojú, ó metí.

Ìwọ Àyọ̀ká tó jókòó lẹ́yìn yẹn, ò ń gberin, ṣùgbọ́n o ò pàtẹ́wọ́ lónìí. Sún mọ́ mi, ọmọ mi.