Bí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété Ṣe Di Àpò

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń ro oko bí ènìyàn, Òkété kò ní àpò kankan lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ohun tó bá jẹ tán, ó tán náà nìyẹn, kì í kó oúnjẹ pamọ́. Owú nìkan ló máa ń kó pamọ́, ìyẹn sì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa.

Òkété ń jowú Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀yà sanra, ara rẹ̀ ń dán, ọrùn rẹ̀ ki. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ẹranko á yẹ̀ fún un, wọ́n á ní, "Ìyá Àdùnbí, ara yín mà ń dán o." Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ fún Òkété. Tó bá ti gbọ́ irú ìkíni bẹ́ẹ̀, á yà gba inú igbó lọ, kó má bàa kí i.

Nígbà náà, àárò ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oko. Gbogbo wọn á kóra jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn lọ́la, ẹni tó bá ni oko ni yóò sì bọ́ gbogbo wọn, tìyá-tọmọ. Oko Ọ̀yà ló tóbi jù, ìkòkò rẹ̀ ló sì máa ń kún jù.

Bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ lóko Ọ̀yà, Òkété á fa Àjíún, àkọ́bí rẹ̀, lọ́wọ́.

"Dìde, a ti yó."

"Màámi, ebi ń pa mí."

"Mo ní a ti yó. Ṣé kó lè máa sọ kiri pé òun ló ń bọ́ wa ni?"

Ọ̀yà á máa pè wọ́n lẹ́yìn, "Ìyá Àjíún, jẹ́ kí ọmọ mú tiẹ̀ dání." Òkété ò ní wẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní gbogbo ọdún náà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí oúnjẹ wọ́n nílé, Àjíún rù kan eegun. Ìyá rẹ̀ wá ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ òun rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbáfẹ́, kò rí rọ̀bọ̀tọ̀ bíi tàwọn kan. Àwọn kan wo? Ẹ kúkú mọ ẹni tó ń bá wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àjíún àti Àdùnbí, ọmọ Ọ̀yà, ń ṣeré nídìí ọ̀pẹ. Imọ̀ ọ̀pẹ kan já bọ́, ẹ̀gún rẹ̀ sì gún àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Wọn ò sọ nílé, wọ́n ń bẹ̀rù ìbáwí. Kí wọ́n tó mọ̀, egbò ti kẹ̀, oró rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara àwọn ọmọ gbóná janjan, òtútù ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n ń mí gúlegúle.

Wọ́n gbé wọn lọ sílé Òòrẹ̀ àgbà. Òòrẹ̀ ló ń wo egbò nígbà náà, torí ẹ̀gún kò lè bà á lẹ́rù, ẹ̀gún ló wọ̀ láṣọ. Ó yọ ẹ̀gún ẹsẹ̀ wọn, ó fọ egbò, ó se àgbo, ó sì bù ú sínú igbá méjì, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ méjèèjì ò lè jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ojú Àdùnbí bẹ̀rẹ̀ sí í là, ti Àjíún sì ń wọnú lọ. Òkété ń wo igbá Àdùnbí. Ó ní, "Àṣé nílé oògùn náà, ẹni tó sanra ni wọ́n ń yẹ̀ fún." Bí Òòrẹ̀ ṣe yíjú báyìí, Òkété pàrọ̀ igbá àwọn ọmọ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àdùnbí dìde jókòó, ó ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ. Ọ̀yà sáré lọ sílé lọ se é. Àjíún kò lajú.

Òkété bú sẹ́kún. "Ìyá, mo ti pàrọ̀ igbá wọn, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló dìde. Kí lẹ fún un tí ẹ ò fún ọmọ mi?"

Òòrẹ̀ ní, "Inú ìkòkò kan náà ni mo ti bu àgbo yẹn. Ibà tó bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, ara ló ń bá a jà, ara tó ń jà sì gbọ́dọ̀ jẹun. Bí ẹnu ò bá lè jẹ, ohun tó wà nílẹ̀ lára ni yóò máa jẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni ibà yìí ń fi sílẹ̀ o, mo ti sin àwọn tó tóbi ju Àdùnbí lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tìrẹ, kí ni ara rẹ̀ fẹ́ rí jẹ?"

Òkété dìde. Ó sáré gba ilé Ọ̀yà lọ. Bí Ọ̀yà ṣe rí i, ó ṣílẹ̀kùn àká rẹ̀ fún un. Òkété ò mú igbá dání, ọwọ́ rẹ̀ sì kéré, ló bá ń ki ẹyìn sẹ́nu. Ebi ń pa òun náà, àmọ́ kò gbé ẹyọ kan mì. Ó ń kì í bọ̀ ọ́ títí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi fà, tó ń dùn ún wọra, ó sì sáré padà.

Nígbà tó dé, Òòrẹ̀ ti fi aṣọ bo Àjíún lójú.

Òkété jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ẹyìn kún ẹnu rẹ̀, igbe ò lè jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, Ọ̀yà, tó ti gbé oúnjẹ dé, ń rọra bọ́ Àdùnbí. Òkété ń wò wọ́n, owú tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà ju gbogbo èyí tó ti ń jẹ ẹ́ látẹ̀yìnwá lọ.

Láti ọjọ́ náà ni awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété ò ti sún kì mọ́, tó di àpò. Bó bá rí ẹyìn tàbí ekùrọ́, kì í jẹ ẹ́ lójú ibẹ̀. Á kì í sẹ́rẹ̀kẹ́, á sáré gbé e wọ ihò lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó kù. Ẹni tó bá gbẹ́ ihò rẹ̀ á bá oúnjẹ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ju èyí tí gbogbo wọn lè jẹ tán lọ, síbẹ̀ Òkété á tún jáde lọ wá sí i.