Akọ́pẹ Tí Kò Tíì Sọ̀ Kalẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ akọ́pẹ. Bó bá ti gun ọ̀pẹ, òfin kan wà fún àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta tó ń ṣa ẹyìn nísàlẹ̀: ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á panu mọ́. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó wà lórí igbà kò gbọdọ̀ pín ọkàn sí méjì.

Lọ́jọ́ kan, igbà já. Ó ṣubú, ó fi orí gbá gbòǹgbò. Ó yè é, ó tún ń rìn, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ kedere. Ṣùgbọ́n bí ohùn méjì bá dún pọ̀, ọ̀rọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú, kò ní mọ èyí tí yóò dì mú.

Ọjọ́ tí erin bá ṣubú là ń rí oríṣìíríṣìí ọ̀bẹ. Àwọn àbúrò náà wá sílé rẹ̀ láti gba oko ọ̀pẹ rẹ̀. Rédíò ń pariwo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí kò dáhùn, wọ́n ń kígbe mọ́ ọn bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Ojú tì í, ó kàn mi orí. Wọ́n ní, “Ó ti gbà. Ẹ gbé ìwé wá kó tẹ̀ka.”

Inú bí ìyàwó rẹ̀. Ó pa rédíò, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ó sì gbé àpótí síwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó lé e.

“Bàbá Àyọ̀ká, wọ́n fẹ́ gba oko ọ̀pẹ. Ṣé kí wọ́n gbà á?”

Ìyàwó náà dúró dè é. Ó dúró pẹ́.

Ọkùnrin náà ní, “Rárá. Oko mi ni.” Ó wá wo àwọn àbúrò rẹ̀. “Nígbà tí mo wà lórí ọ̀pẹ, ẹnìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀.”

Ìwọ tó o jókòó síwájú mi yìí, o ní bàbá rẹ kò mọ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí ọ̀kadà ti gbá a. Mo dé ilé yín lánàá. Tẹlifíṣọ̀n ń ké, ìwọ ń tẹ fóònù, o bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó la ẹnu dáhùn ọ̀kan. Ta ni kò gbọ́ràn nínú ẹ̀yin méjèèjì? Inú ń bí mi sí ọ, n kò sì ní fi pamọ́. Lọ pa tẹlifíṣọ̀n. Bi í ní ọ̀kan, kí o sì dúró.

Ìwé tí o ní kí n ṣẹlẹ́rìí sí, pé kí a gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìyí. Mú un. N kò fọwọ́ sí i.