Òfin Tí Kò Ní Àfi

Látúndé, ta ló sọ fún ọ pé gbogbo òfin ló ní àfi?

Jókòó. Mo gbọ́ ohun tí o wá gbà. O ní kí n bu ata gbígbẹ fún ọ, ìwọ tí o kì í dáná. Èrò ti pọ̀ níwájú ilé ẹ̀ṣọ́ yín láti àárọ̀. Mo sì ti gbọ́ pé ẹ ti ọlọ́kadà kan mọ́bẹ̀ nítorí ọmọ káfíńtà tí a kò rí láti àná. Wọ́n ní ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ ni wọ́n ti rí ọmọ náà kẹ́yìn. Ìwọ sì ni olórí ẹ̀ṣọ́.

Ata wà nínú agbọ̀n lókè ààrò. N kò ní fún ọ. Àkàwé kan ni n ó fún ọ. Kò gùn, o ó tètè padà síbi iṣẹ́ rẹ.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò. Akéde ni. Ní ìlú náà, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀wé, nítorí náà òfin kò sí nínú ìwé, ẹnu akéde ló wà. Lọ́dọọdún, tí omi odò bá ti fà, gbogbo ìlú á péjọ síwájú ààfin. Akéde á máa pe òfin lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn á sì máa fi àfi rẹ̀ dáhùn.

Akéde á ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ìlú."

Ìlú á dáhùn, "Àfi bí àrùn bá wọ̀lú."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já wọ ilé onílé."

"Àfi bí ilé bá ń jóná."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́ ní gbàgede."

"Àfi bó bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe títí wọn yóò fi dé orí òfin ìkẹyìn. Akéde á ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹni tó wà lọ́wọ́ ìlú lóró, ìbáà ṣe láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀." Á wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Ibi tó yẹ kí àfi wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Èyí tó bá ṣèèṣì fẹ́ dáhùn nínú wọn, ìyá rẹ̀ á yára bò ó lẹ́nu.

Àwọn àgbà tó dá òfin náà sílẹ̀ ti rí ohun tí wọ́n rí nígbà ogun. Wọ́n ní lásìkò yẹn, kálukú ló rí ìdí tó fi dá ẹnì kejì lóró, kò sì sí èyí tí ìdí rẹ̀ kò dára lójú ara rẹ̀.

Lọ́dún kan, ní ọjọ́ ìpè òfin gan-an, ọmọbìnrin kan sọnù láàárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Àjèjì kan wà nílùú tó ń pọ́n ọ̀bẹ kiri. Wọ́n ti rí i tó fún ọmọ náà ní ìrèké. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mú un wá síwájú ààfin, níbi tí gbogbo ìlú ti péjọ.

Wọ́n bi í. Ó ní, "Mo fún un ní ìrèké lóòótọ́. Ó kí mi dáadáa ni mo ṣe fún un. Ó ń jẹ ẹ́ lọ. N kò mọ ibi tó gbà, òkúta ìpọ́nbẹ mi ni mo dojú kọ."

"Òkúta lo dojú kọ!" Ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó dáa, ẹ mú òkúta náà wá kó wá jẹ́rìí."

Olórí ẹ̀ṣọ́ yíjú sí akéde. Akéde pe òfin ìkẹyìn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lọ sẹ́nu.

Ìyá ọmọ náà wà nílẹ̀ nínú eruku. Ó gbé orí sókè, ó sì pariwo pé, "Àfi bí ọmọ bá sọnù!"

Wàyí o, àfi ti mọ́ ẹnu ìlú yẹn lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi dáhùn. Nígbà tí ohùn kan gbé e, ọgọ́rùn-ún ohùn tẹ̀ lé e kí ẹnikẹ́ni tó ronú. "Àfi bí ọmọ bá sọnù!" Ó dún bí òfin. Ó tilẹ̀ dùn létí ju àwọn yòókù lọ. Akéde wo ìyá ọmọ náà. Àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Wọ́n da ata sórí ẹ̀yinná, wọ́n tẹ orí apọ́nbẹ sínú èéfín rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ó wà ní Òkè-Àfọ̀n, lódìkejì odò."

Ara ìlú yá gágá. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ata kì í tan ènìyàn." Gbogbo ọkọ̀ ojú omi kún. Tọkùnrin tobìnrin kọjá sódìkejì, wọ́n tú gbogbo igbó Òkè-Àfọ̀n títí oòrùn fi rọ̀.

Ọmọ kò sí níbẹ̀. Ọmọ wà nínú kànga àpatì kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Bí o bá sọ òkò láti ilé ìyá rẹ̀, òkò náà yóò débẹ̀. Arúgbó kan tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wọ ọkọ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀. Arúgbó ké, ké, ké. Àwọn tó lè fa okùn wà lódìkejì odò. Nígbà tí wọn yóò fi padà, ohùn náà ti dákẹ́.

Wọ́n bi apọ́nbẹ ìdí tó fi purọ́. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ òótọ́, ẹ kò gbà á. Òkè-Àfọ̀n ni mo sùn kí n tó wọ ìlú yín. Orúkọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ lágbègbè yìí nìyẹn." Ojú méjì ló gbé wọ ìlú náà, ojú kan ló gbé jáde.

O rò pé ó parí síbẹ̀? Wọ́n sin ọmọ, wọn kò sin àfi. Lọ́dún kejì, tí akéde pe òfin ìkẹyìn, ìlú dáhùn, "Àfi bí ọmọ bá sọnù." Lọ́dún kẹta wọ́n fi kún un, "tàbí bí ẹran ọ̀sìn bá sọnù." Lọ́dún kẹrin, "tàbí bí ẹnì kan bá bú ààfin." Nígbà tó yá, akéde dìde, ó ní òfin náà kò rí bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Wọ́n ní ó bú ààfin. Bí wọ́n ṣe ń fà á lọ síbi ata, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ó ń rán wọn létí. Wọ́n ti gbàgbé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n rò pé ó fẹ́ wúkọ́ ni.

Látúndé, ìwọ lo ka ìwé tí wọ́n fún yín níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sí mi létí nínú yàrá yìí. O ní àwọn orílẹ̀-èdè ayé jókòó lẹ́yìn ogun ńlá, wọ́n fọwọ́ sí àwọn ẹ̀tọ́ kan. O ní ẹ̀tọ́ ìrìn ní àfi, ẹ̀tọ́ ilé ní àfi, ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní àfi, bí òfin bá ti là á sílẹ̀ tí wọn kò sì ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ. O wá dé orí ọ̀rọ̀ ìdálóró. O ní kò sí àfi níbẹ̀, ìbáà ṣe ogun, ìbáà ṣe rògbòdìyàn, ìbáà ṣe àṣẹ ọ̀gá. O pa ìwé dé, o rẹ́rìn-ín. O ní àwọn tó kọ ọ́ kò gbé níbi tí à ń gbé.

Àwọn àfi tó wà, lò wọ́n. Dí ojú ọ̀nà lónìí, kí ẹ yẹ ọkọ̀ wò. Pe ọlọ́pàá kí wọ́n gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n wọ ilé tó bá yẹ. Bi ọlọ́kadà yẹn léèrè, fún un lómi, tún bi í, kí o sì fi í lé àwọn tí òfin ní kó dúró lọ́wọ́ wọn. Èrò tó ń wo ilé ẹ̀ṣọ́ yín bí ẹni ń wòran, kí wọ́n tú ká sínú igbó, kí wọ́n yọjú wo gbogbo kànga.

"Màmá àgbà, ẹ ò tíì rí ojú bàbá ọmọ yẹn," lo wí. "Òun ló ní kí n wá gba ata. Bí kì í bá ṣe ọmọ ẹni, èèyàn ò lè mọ bó ṣe rí."

N kò bá bàbá rẹ̀ wí. Ẹni tí nǹkan ń dùn yóò béèrè ohunkóhun. Ìwọ tí wọ́n fi ṣọ́ ìlú ni kí o má gbà. Bí o bá gbà lónìí nítorí ọmọ, ta ni yóò bá ọ kọ̀ lọ́la nítorí ewúrẹ́?

O ní, "Ta ló wá jẹ̀bi ní ìlú tí ẹ sọ yẹn?"

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń bi ara wọn. Àwọn kan ní olórí ẹ̀ṣọ́ ni. Àwọn kan ní apọ́nbẹ tó purọ́ ni. Àwọn kan ní akéde ni, òun náà sì jẹ́wọ́ kó tó kú. Ẹnì kan wà tí wọn kò nàka sí rí, nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló kú. Ta ni yóò bi abiyamọ tó ń sunkún? Ìbírónkẹ́ lorúkọ ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni, èyí tí a kì í dárúkọ nílé yìí. Ẹni tó sì kọ́kọ́ la ẹnu ní ìlú yẹn, èmi Àwẹ̀ró ni.