Ọ̀nà Odò Tí Láoyè Tà

Nígbà tí Láoyè, olórí ẹbí onílẹ̀, fẹ́ ta ọ̀nà odò fún ẹni tí yóò kọ́lé sórí rẹ̀, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Láoyè, ọ̀nà kan ò wọ ọjà o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ta ló tún ń pọnmi lódò? Títì ti dé."

Bẹ́ẹ̀ ló ta gbogbo ọ̀nà àbùjá pátá. Ìlú ń fẹ̀, ọ̀nà ń tán, títì kan ṣoṣo ló kù fún tolórí tẹlẹ́mù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èémí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Òrùlé ilé ìwòsàn hàn kedere ní òdìkejì odò tí omi rẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò rìn lójú títì. Láoyè pọn ìyá rẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé. Ògiri ló bá níbẹ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ògiri ni. Níkẹyìn, ó kan géètì ilé tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀nà odò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba ibí kọjá."

"Bàbá, ibí kì í ṣe ọ̀nà," ni mẹ́gáàdì dá a lóhùn. "Ẹ lọ gba títì."

"Ọ̀nà ni tẹ́lẹ̀."

"Ta ló wá tà á?"

Láoyè bojú wẹ̀yìn wo ìyá rẹ̀. Ọwọ́ tí ìyá fi dì mọ́ ọn lọ́rùn ti tú.